Àmín Tí Olùgbọ́ Gbà Sílẹ̀

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀!"

Fẹ̀yìntọlá ti dìde kó tó mọ̀ pé òun dìde. Àga ẹ̀yìn rẹ̀ ṣubú gbì, kò bojú wò ó. Àpótí funfun kékeré kan ló tẹjú mọ́, èyí tí ìjọba kàn mọ́ òkè ẹnu ọ̀nà ilé wọn bí ìtẹ́ alápàńdẹ̀dẹ̀. Olùgbọ́ ni wọ́n ń pè é. Kò sí ilé tí kò ní tirẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti Dófà tí òkun ti jẹ ìdajì rẹ̀, títí dé ibi tí òkè parí sí.

Akọ̀wé Hẹ́lẹ́nì fi ìka kan gbá etí tábìlì. Òyìnbó ni, irun rẹ̀ ti hewú, àmọ́ Yorùbá ẹnu rẹ̀ já gaara, nítorí ìyá kan láti Ìkirè ló tọ́ ọ dàgbà ní àdúgbò Pẹ́kámù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti jókòó sí ilé tí ọ̀rọ̀ bá ti dàrú, kó ṣe ẹlẹ́rìí títí fèrè èbúté yóò fi dún ní aago mẹ́rin.

"Olùgbọ́, tún un kà," ló wí.

"Ilé Ọláòṣebìkan, Òpópónà Òkè-Ẹfun," ni àpótí náà dáhùn. Ohùn rẹ̀ ò gbóná, kò tutù. "Àgbà méjì ló wà nínú ilé. Ọláòṣebìkan: Àdáwà. Fẹ̀yìntọlá, ọmọ rẹ̀: Àdáwà. Ilé ti fẹnu kò. Ilé yìí kò ní padà sínú Ẹgbẹ́ Ọjà Yúróòpù. Ẹnubodè yóò wà ní títì mọ́ ọn fún ọdún méje."

"Irọ́ ni! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń pariwo Ìpadà lábẹ́ àpótí yìí, gbogbo àdúgbò ló ń gbọ́ mi. Bàbá, ẹ̀yin náà ń gbọ́ mi, àbí ẹ ò gbọ́?"

Bàbá Ọláòṣebìkan ò gbójú sókè. Ó jókòó lórí àpótí ìjókòó rẹ̀ nítòsí ìlẹ̀kùn, àwọ̀n ẹja wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ń fi abẹ́rẹ́ igi dí ojú tó ya. Ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ò tíì mú ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n.

"Mo ń gbọ́ ọ, Àwẹ̀ró," ló fi oríkì rẹ̀ dá a lóhùn jẹ́ẹ́.

Aago ara ògiri ń lọ. Ó ku ogójì ìṣẹ́jú.

Ní òdìkejì omi, ní Káléè, Àjíbádé ọkọ rẹ̀ ti jókòó lórí ẹrù rẹ̀ níwájú ẹnubodè láti òwúrọ̀. Kétu ló lọ, ó lọ sin ìyá rẹ̀. Kó tó padà dé ni wọ́n kéde ìdìbò, ìwé àyè tó fi jáde sì di asán. Tí ilé rẹ̀ bá sọ pé Ìpadà, yóò wọkọ̀ wálé lónìí. Tí ilé bá sọ pé Àdáwà, ọdún méje. Fẹ̀yìntọlá jẹ́ ẹni ọdún mọ́kànlélógójì. Ó ti ka ọdún méje náà lórí ìka rẹ̀ títí ìka fi ń dùn ún.

"Ìgbà wo ni mo sọ ọ́?" ló bi àpótí náà.

"Lónìí, aago mẹ́fà àárọ̀ kọjá ìṣẹ́jú méjìlá."

Olùgbọ́ bá gbé ohùn bàbá rẹ̀ jáde, ohùn àárọ̀, tí oorun ṣì wà nínú rẹ̀ bí iyanrìn nínú ẹ̀wà: "Olúwa, ilẹ̀kùn tí o ti tì, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rí i ṣí. Àjàgà tí o bọ́ lọ́rùn wa, a ò ní tún ọrùn nà sí i."

Lẹ́yìn náà ni ohùn tirẹ̀ tẹ̀ lé e, kíákíá, láìròtẹ́lẹ̀: "Àmín. Àmín, Bàbá."

Fẹ̀yìntọlá tẹ́tí sí ohùn ara rẹ̀. Ó rántí. Orí ìkúnlẹ̀ ló wà, omi ti ń hó lórí iná, ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ omi náà. Ṣé ènìyàn a máa ronú kó tó ṣàmín sí àdúrà bàbá rẹ̀? Bí ẹni sín ni. Láti ìgbà tí ó ti lè jókòó ló ti ń ṣe é. Ó ti ṣàmín nínú ibà, ó ti ṣàmín nínú ìbínú, ó ti ṣàmín nígbà tí oúnjẹ wà lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ̀yin Akọ̀wé," ló wí, "ẹ mọ̀ pé èyí kì í ṣe ìbò. Àmín ọmọ sí àdúrà bàbá rẹ̀ ni."

"Èmi mọ̀," ni Hẹ́lẹ́nì dáhùn, ó sì mí kanlẹ̀. "Ìyá tó tọ́ mi, tó bá ní 'o ò ní sọnù lọ́jà,' àmín ni. Tó bá ní 'o ò ní jẹ ẹran lónìí nítorí ìwà rẹ,' àmín náà ni. Àmọ́ àwọn tó ṣòfin ò gbé ilé Ìyá Ìkirè rí. Abala kẹsàn-án sọ pé ohùn tí a bá fi àdúrà dè wúwo ju ohùn àríyànjiyàn lọ." Ó ṣí ìwé pẹlẹbẹ tó ń tàn lọ́wọ́ rẹ̀. "Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ tún un gbà lójú ẹlẹ́rìí. Bàbá yóò tún àdúrà náà gbà, ìwọ yóò ṣàmín. Tí o bá ṣe é, ó di èdìdì."

"Tí mi ò bá ṣe é ńkọ́?"

"Ilé pín nìyẹn. Ilé tó bá sì pín nígbà tí fèrè dún, Àdáwà ni wọ́n ń kà á sí."

"Nítorí náà, ọ̀nà méjèèjì, títì ni."

"Títì ni. Àfi tí Bàbá bá yí ohùn padà."

Fẹ̀yìntọlá rìn lọ sídìí fèrèsé, òjò wínníwínní ń rọ̀. Ní apá òsì, ó rí ilé Rẹ́jì apẹja, òyìnbó tí òun àti ìyàwó rẹ̀ mọ ògiri la àárín yàrá wọn já nígbà ìdìbò tó kọjá. Ilé kan ti di ilé méjì, ìlẹ̀kùn méjì, iná méjì: funfun lókè ìlẹ̀kùn ọkọ, nítorí Àdáwà ló wà, àwọ̀ ewé lókè ìlẹ̀kùn aya, nítorí ó ti padà. Òfin ò gbà kí wọ́n sùn sínú ilé kan náà. Lọ́jọ́ Àìkú, Rẹ́jì á wọ kóòtù, á lọ kan ìlẹ̀kùn ìyàwó rẹ̀ bí àlejò, á jẹun, á dúpẹ́, á sì jáde kí ilẹ̀ tó ṣú.

Rẹ́jì alára wà lójú fèrèsé rẹ̀, ó rí i, ó sì ń pariwo: "Sọ fún bàbá ẹ pé kó dúró gbọin! Kó má jẹ́ kí ẹ tà wá fún àwọn ará Yúróòpù!"

Ìyàwó rẹ̀ yọ orí jáde ní fèrèsé kejì. "Má dá a lóhùn, Fẹ̀yì! Ọdún méje ló ti ń fọ aṣọ ara rẹ̀, ìyẹn ló fà á tí ó fi ń bínú!"

"Mo ń fọ̀ ọ́ dáadáa!"

"Òórùn rẹ̀ ń wọlé tọ̀ mí wá láti inú ògiri!"

Ní ọjọ́ mìíràn, Fẹ̀yìntọlá ìbá rẹ́rìn-ín. Ó pa fèrèsé dé.

"Wọ́n ní òfin yìí ni yóò mú àlàáfíà wá," ni Hẹ́lẹ́nì wí, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Nígbà àkọ́kọ́ tí ilẹ̀ yìí jáde nínú Ẹgbẹ́, nígbà ayé àwọn baba ńlá wa, nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn, méjìléláàádọ́ta ní ká lọ, méjìdínláàádọ́ta ní ká jókòó. Wọ́n jà títí, ọmọ ò kí bàbá mọ́. Ni ìjọba bá ní ó tó, kí ilé kọ̀ọ̀kan jẹ ohun tí ẹnu rẹ̀ bá sè. Wọ́n rò pé ìjà ti parí. Wọ́n kàn gbé e wọlé ni."

Fẹ̀yìntọlá kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀, orí àwọ̀n náà gan-an ló kúnlẹ̀ sí.

"Bàbá mi. Mo bẹ̀ yín. Ẹ yí ohùn yín padà."

"Dìde lórí àwọ̀n, o máa já a."

"Ẹ jẹ́ kó já."

Bàbá dáwọ́ dúró. "Nígbà tí mo dé agbègbè Kẹ́ǹtì yìí, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí. Ápù ń pọ́n lórí igi, ó ń jábọ́, ó ń rà, kò sẹ́ni tí yóò ká a, torí àwọn tí ń ká a tẹ́lẹ̀ ti lọ sí ìlú wọn. Ilẹ̀kùn tí wọ́n tì mọ́ wọn, òun ni Ọlọ́run ṣí fún èmi. Òun ni mo fi fẹ́ ìyá rẹ. Òun ni mo fi gé òkúta ẹfun, tí mo fi kọ́ ilé yìí nígbà tí òkun gba ìsàlẹ̀ ìlú. Ẹni tó bá fi àkàbà kan gun òkè kì í ta á nípàá."

"Bàbá, ọ̀nà kan ò wọjà. Orúkọ tí bàbá yín sọ yín ńkọ́? Ọlá ò ṣe ibì kan! Ọjọ́ ìkómọ yín ni wọ́n ti dá ẹjọ́ yìí."

Ètè àgbà náà fẹ́ yà sí ẹ̀rín, ó ká a mọ́. "O fi orúkọ mi nà mí."

"Ọkọ mi ńkọ́? Ta ló fa ìlà sáàárín Kétu àti àwa? Òyìnbó jókòó sí ibì kan tí wọn ò ti mọ Kétu, Faransé mú tiẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì mú tiẹ̀, wọ́n sọ ọmọ ìyá di ará ilẹ̀ òkèèrè fún ara wọn. Ẹ̀yin lẹ sọ ìtàn yẹn fún mi. Ẹ̀yin lẹ fi oyin àti iyọ̀ kan Àjíbádé lẹ́nu, tí ẹ ní kò sí ìlà láàárín yín. Ìlà tí ẹ kọ̀ nílé, ẹ wá ń fà á níbí?"

Bàbá nawọ́ sí ara ògiri, sí bàtà rọ́bà dúdú kan tó fi ìṣó kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo. Kò sẹ́ni tó ń bi í léèrè nípa bàtà yẹn nínú ilé.

"Ìdìbò tó ṣáájú èyí tó kọjá, tí a sọ Ìpadà," ló wí, "ohùn mi wà níbẹ̀. O rántí? Ìwọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ lẹ fi àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà bò mí mọ́lẹ̀, mo ní ó dáa. Iná ewé tàn lórí ilé yìí. Ẹgbẹ́ ní gbogbo ilé tó bá padà, kí wọ́n mú ẹnì kan wá ní ọdọọdún, kó wá bá wọn mọ odi omi ní Hólàǹdì. Olúmúyìwá ẹ̀gbọ́n rẹ lọ." Ohùn rẹ̀ yí, ó di ohùn arò tí Fẹ̀yìntọlá ò tíì gbọ́ láti ọdún mẹ́sàn-án, ó ń fi oríkì pe òkú ọmọ rẹ̀:

"Àkàngbé, ọmọ a-rìn-bí-ẹni-ijó-ń-pè,
Òpó ọkọ̀ tí ìjì ò rí gé,
Ẹ̀rín-ẹ̀yẹ tí í mú ilé mọ́ kí oòrùn tó yọ.
Omi tó bá a ṣeré ní Dófà
Kọ́ ló bá a pàdé ní Hólàǹdì.
Odi wó, wọ́n ní ká má sunkún,
Wọ́n dá ẹsẹ̀ bàtà kan padà fún mi,
Mo ní ẹsẹ̀ kejì dà, ẹsẹ̀ ọmọ mi dà?"

Hẹ́lẹ́nì ti yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Àjọjẹ ò dùn bí ẹnì kan ò bá ní," ni Bàbá wí. "Ìwọ nìkan ló kù mí kù. Tí iná ewé bá tàn lónìí, ta ni wọ́n máa mú nílé yìí lọ́dún tó ń bọ̀? Èmi?"

"Èmi ni n óò lọ."

"Mo mọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi gba àdúrà yẹn."

Ọ̀rọ̀ kan dìde lọ́kàn Fẹ̀yìntọlá, ó tutù bí ejò. Ó wo àpótí tó wà lókè, ó wo bàbá rẹ̀.

"Bàbá. Nígbà tí ẹ ń gbàdúrà láàárọ̀, ṣé ẹ mọ̀ pé ó ń gbọ́? Ṣé ẹ mọ abala kẹsàn-án?"

Abẹ́rẹ́ igi náà ti dúró nínú àwọ̀n.

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Ẹ fi àmín mi dẹ mí."

"Mo fi dáàbò bò ọ́."

"Bí a ṣe ń dẹ ẹja nìyẹn náà, Bàbá. Ẹja kì í mọ̀ pé wọ́n ń dáàbò bo òun."

Ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ tó wà lápò rẹ̀ gbọ̀n. Àjíbádé ló kọ̀wé, pẹ̀lú èdè Kétu tí kì í yí padà: èrò ẹnubodè ti ń dínkù, àwọn tí ilé wọn ti sọ Ìpadà ti ń wọkọ̀, ó ku òun àti nǹkan bí ogún ènìyàn lórí bẹ́ǹṣì. *Mo ra súwẹ́tà fún Bàbá. Kí ló dé tí ilé wa ò tíì fọhùn?*

Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó dà á dé lórí tábìlì.

"Ìṣẹ́jú mẹ́wàá," ni Hẹ́lẹ́nì wí, ohùn rẹ̀ ti di ti ìjọba. "Bàbá, òfin ní kí n bi yín. Ṣé ẹ dúró lórí àdúrà àárọ̀? Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ tún un gbà."

Bàbá Ọláòṣebìkan ṣí fìlà lórí. Ó di ojú rẹ̀. Fẹ̀yìntọlá ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo àdúrà máa ń bá a.

"Ọba tí í mú ẹni tó ṣubú dìde," ló bẹ̀rẹ̀. "Ìwọ tí wọ́n jí orúkọ rẹ fún àpótí. Ìwọ nìkan ni Olùgbọ́ Àdúrà. Ilẹ̀kùn tí o tì, kò ní ṣí. Àjàgà tí o bọ́, kò ní padà sọ́rùn wa." Ó mí. "Ọmọ kan ṣoṣo tó kù mí kù yìí, kò ní kú lójú mi. Òun ni yóò sin mí, èmi kọ́ ni n óò sin ín."

Ó dúró de àmín.

Kí ni ènìyàn fi ń dá ahọ́n ara rẹ̀ dúró? Àmín náà ti dé ọ̀fun Fẹ̀yìntọlá. Ó ti dé ẹ̀yìn eyín. Ẹ̀mí tirẹ̀ gan-an ni bàbá rẹ̀ dì mọ́ ilẹ̀kùn, àdúrà tí kò sí ọmọ tí ń kọ̀. Ó fi eyín di ètè ìsàlẹ̀ mú. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀ sórí àwọ̀n. Aago ń dún, òjò ń kán, ó sì gbọ́ mímí bàbá rẹ̀, bó ṣe ń retí, bó ṣe ń retí, títí ìrètí náà fi wá sí òpin.

"A ò gbọ́ àmín," ni àpótí náà wí. "Ilé pín."

Bàbá la ojú.

"Láti ọjọ́ tí ìyá rẹ ti gbé ọ lé mi lọ́wọ́," ló wí, "mi ò tíì gbàdúrà kan kí o má ṣàmín sí i."

"Ẹ dárí jì mí, Bàbá."

"Rárá. Èmi ni mo sọ ọ́ di okùn. Ohun tí a bá fi í so ẹran, a kì í fi í so ọmọ." Ó gbá eékún rẹ̀ mú, ó dìde. Ó ká àwọ̀n, ó kọ́ ọ léjìká. Ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀. Ó yọ bàtà rọ́bà kan náà lára ìṣó, ó fi há abíyá.

"Bàbá, ibo lẹ ń lọ?"

"Ẹnu tó ti sọ ọ́ kò ní kó ọ̀rọ̀ náà jẹ. Mo gbàgbọ́ pé àdáwà ló dáa, n óò sì kú síbẹ̀. Àmọ́ ẹsẹ̀ mi ò bá mi gbàdúrà kankan."

Hẹ́lẹ́nì ti dìde. "Bàbá, ẹ jẹ́ kó yé yín. Ẹni tó bá gbé ẹsẹ̀ méjèèjì kọjá ìloro kí fèrè tó dún, ó ti gbé ohùn rẹ̀ jáde nìyẹn. Tí ilé bá wá sọ Ìpadà, ẹ ò lè sùn síbí fún ọdún méje. Ẹ ti lé ní àádọ́rin."

"Mo ní ahéré tí mo ti ń yan ẹja létí omi. Èéfín á pa ẹ̀fọn." Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún kọjá. Ó dúró díẹ̀, bí ẹni tó gbàgbé nǹkan. Ó gbé ẹsẹ̀ òsì kọjá.

"Ọláòṣebìkan ti jáde pẹ̀lú ohùn rẹ̀," ni Olùgbọ́ wí. "Àgbà kan ló kù nínú ilé. Ohùn ilé?"

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta. Bàbá ti gbé àpótí kalẹ̀ lójú ọ̀nà, ó jókòó, ó kẹ̀yìn sí ilé tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé òkúta rẹ̀. Òjò ń bọ́ sórí fìlà rẹ̀. Lójú fèrèsé, Rẹ́jì àti ìyàwó rẹ̀ yọ orí, wọn ò pariwo mọ́.

Fẹ̀yìntọlá di férémù ìlẹ̀kùn mú. Ọ̀rọ̀ kan ni Olùgbọ́ ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ tó ti ń pariwo rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nísinsìnyí tí kò sẹ́ni tó ń bá a jiyàn, ó wúwo lẹ́nu rẹ̀ bí ọlọ. Ọkọ kan ní òdìkejì omi, bàbá kan nínú òjò.

"Bàbá..."

"Sọ ọ́, Àwẹ̀ró," ni bàbá rẹ̀ wí, kò yíjú padà. "Sọ ọ́ kíá. Òjò ń pa mí."

"Ìpadà," ni Fẹ̀yìntọlá wí.

Fèrè èbúté ké láti ìsàlẹ̀, ó gùn, ó mi gíláàsì fèrèsé. Iná ewé là lókè ìlẹ̀kùn, ó tàn sórí ẹ̀yìn àgbà náà, ó tàn sórí bàtà rọ́bà kan tó wà ní abíyá rẹ̀. Lórí tábìlì, ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ ń gbọ̀n, ó ń gbọ̀n, kò sẹ́ni tó gbé e.

"Ohùn ilé ti di èdìdì," ni àpótí náà wí, iná ojú rẹ̀ sì kú. Akọ̀wé Hẹ́lẹ́nì kó ìwé rẹ̀, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ sí Bàbá bí Ìyá Ìkirè ṣe kọ́ ọ, ó sì bá tirẹ̀ lọ nínú òjò.

Bàbá Ọláòṣebìkan dìde. Ó yí padà. Ó wá dúró níwájú ìlẹ̀kùn tó ti ń gbà wọlé láìkàn án fún ọgbọ̀n ọdún, ó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì fi ìka méjì kan igi.

"Àgò onílé o."

Fẹ̀yìntọlá wólẹ̀ sórí eékún méjèèjì.

"Àgò yà, Bàbá. Ẹ wọlé."

Ó wọlé. Orí àga àlejò ló jókòó sí. Ọmọ rẹ̀ bu omi tútù fún un nínú ife tí wọ́n ń lò fún àwọn tó bá ti ọ̀nà jíjìn wá, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Àgbà náà mu díẹ̀, ó gbé ife náà sórí orúnkún. Ìmọ́lẹ̀ ṣì kù díẹ̀ lójú ọ̀run, kò tíì tó àkókò tí àlejò ń dìde.

Bàbá gbé ọwọ́ lé ọmọ rẹ̀ lórí.

"Omi tó gbé Àkàngbé lọ," ló wí, "kò ní mọ orúkọ rẹ."

Àpótí òkè ìlẹ̀kùn ti kú, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ tó ń gbọ́.

"Àmín," ni Fẹ̀yìntọlá wí.